Etu àti Ìpè Iṣẹ́ Ìlú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ pìì, orí Etu ló bà lé, òun àti ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àwẹ̀ró. Etí odò ni wọ́n ń gbé.

Ìkookò ni olórí ìlú wọn. Bó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́, kò ní sọ pé oko òun ni. Yóò ní kí wọ́n kọrin:

Iṣẹ́ ìlú dé o!
*Ti gbogbo wa ni!*
Ẹ gbé ọkọ́, ẹ gbé àdá!
*Ti gbogbo wa ni!*

Wọ́n gbẹ́ kànga ìlú. Bómi ṣe rú jáde báyìí, Ìkookò fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká. Wọ́n la ọ̀nà ìlú. Ẹnu àká Ìkookò lọ̀nà parí sí. Ilé tí kò bá sì jáde, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ á wọ́ ọmọ ibẹ̀ lọ sóko, wọ́ọ́wọ́ọ́.

Ọ̀yà, aládùúgbò Etu, bi í pé, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ò gbọ́ ìpè ni?"

"Mo gbọ́. Ṣé ìlú ló ń jẹ́ Ìkookò ni?"

Ọ̀yà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín mà mú o!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Etu pé wọ́n lè wọ́ Àwẹ̀ró lọ. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Bó o bá ti gbọ́ 'iṣẹ́ ìlú' báyìí, má dúró bi mí. Wọnú ihò abẹ́ gbòǹgbò igi létí odò. Àfi tí mo bá pè ọ́ kó o tó jáde."

"Mo gbọ́, màámi."

Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ìgalà arúgbó rí i pé òkìtì tí wọ́n fi sé odò ti ń sán. Ìpè wo ló tún mọ̀? Ó figbe ta:

Iṣẹ́ ìlú dé o!

Pá! Pá! Kálukú ń tìlẹ̀kùn. Etu ń ro ọkà rẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Ìgalà gbálẹ̀kùn. "Etu, ọmọ mi, tòní kì í ṣe ti Ìkookò! Odò ń bọ̀!"

"Bàbá, ta ló rán yín?"

Kó tó pa ẹnu dé, gbààà! Òkìtì ti ya.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró dà?"

Ìgbà náà ló rántí ihò etí odò. Ó sáré débẹ̀, omi ti bo gbòǹgbò igi mọ́lẹ̀. Ọmọ ti gbọ́ ìpè, ó sì ti ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe wí.

Ìlú wá jáde tọkọ́tàdá, ilẹ̀ ti ṣú. Ilé Ìkookò wà lókè, omi ò kàn án. Etu jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń kọrin:

Ta ló lẹkún yìí o?
*Ti gbogbo wa ni.*

Gbogbo ìlú ló ń gbè é, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n gbè é.

Ibi tí àlọ́ mi rẹ̀ sí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó kọ́ wa pé olórí tó bá ń fi orúkọ ìlú tan ará ìlú jẹ ti ba ìpè tí à bá fi gba ara wa là jẹ́. Àwa òbí náà, ká rọra máa wo ohun tí ìbẹ̀rù wa ń kọ́ ọmọ.