Kèrègbè Wàrà Orí Pẹpẹ ní Abúlé Dàfálì

Àwọn kan á ní inú oko bàbá wọn ni òwe tí mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi, ilẹ̀ Íńdíà ni, ní abúlé darandaran kan tó ń jẹ́ Dàfálì, níbi tí Bàbá Dámódà ti jẹ́ olórí àdúgbò Òkè.

Ní gbogbo ìgbà òjò, wọ́n máa ń ṣọjọ́ ìbí Kríṣínà, òrìṣà wọn. Nígbà tí òrìṣà yìí wà lọ́mọdé, olè wàrà paraku ni! Bí àwọn ìyá bá gbé wàrà dídì kọ́ sókè, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á gun èjìká ara wọn, wọ́n á jí i lá. Ìdí nìyẹn tí ará Dàfálì fi ń so kèrègbè wàrà mọ́ orí pẹpẹ kan, lókè òpó dídán tí kò ṣeé gùn. Èèwọ̀ ni kí wọ́n tú u tàbí kí wọ́n fọ́ ọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bu wàrà náà. Àdúgbò tó bá kọ́kọ́ bù ú kí igi tùràrí tí wọ́n tàn fún un tó jó tán ló ni koríko etí odò títí ọdún yóò fi yípo.

Lọ́dún tó kọjá, Ràdíkà, ọmọ ọmọ Bàbá Dámódà, ló wà lókè téńté. Ẹ̀rín pa á, gbogbo wọn bá wó lulẹ̀ gbì! Àdúgbò Ìsàlẹ̀ gba koríko, ẹ̀ẹ̀rùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màlúù Òkè tán. Bí wọ́n bá tún pàdánù, àfi kí wọ́n kó kúrò nílùú.

"Lọ́dún yìí, ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ bá wa gùn ún," ni Bàbá Dámódà wí.

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Baálé mi, ọjọ́ ìbí ọmọdé lẹ ń ṣe, ẹ wá lé ọmọdé sẹ́yìn?"

"Kí lọmọdé mọ̀ ju ẹ̀rín lọ?"

Ọjọ́ pé. Ìta kún fọ́fọ́, àwọn obìnrin ń da omi lé èèyàn lórí láti òkè ilé bí àṣà ọdún náà, ariwo ta! Òkè ló kọ́kọ́ kàn, wọ́n tanná ran tùràrí wọn. Ká tó wí, ká tó fọ̀, Ràdíkà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré bọ́ síta. Wọ́n gun ara wọn léjìká, wọ́n nawọ́ nawọ́, wọn ò dé ìdajì òpó.

"Ẹ lọ mu ọyàn!" ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ ń kígbe.

Àwọn àgbà tì wọ́n sẹ́yìn. Géńdé dúró, géńdé gun géńdé, Bàbá Dámódà fúnra rẹ̀ ló gun òkè pátápátá. Ó dé pẹpẹ! Òkè hó yèè! Àgbà kankan kò bu wàrà yìí rí. Bàbá ki ọwọ́ bọ ẹnu kèrègbè, kò wọ̀. Ó ká ìka jọ, kò wọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé tùràrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán. Ojú tì í, ó sì ké pé:

"Ràdíkà! Ràdíkà ọmọ mi, wá gbà mí o!"

"Bàbá àgbà, ẹ ò ní lù mí bí mo bá rẹ́rìn-ín?"

"Rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ á fi gbẹ! Ṣáà máa bọ̀!"

Ọmọ náà gun itan, ó gun èjìká, ó jókòó sí bàbá àgbà lọ́rùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín lóòótọ́. Gbogbo wọn mì tìtì. Bàbá Dámódà di pẹpẹ mú gírígírí, ó ń pariwo pé, "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́! Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́!" Ọwọ́ kékeré náà wọlé wẹ́rẹ́. Ó bu wàrà jáde, ó ń ro sí irùngbọ̀n bàbá, ni èéfín tùràrí bá kú.

Ìyẹn ni pé Òkè ti gba koríko! Ọkùnrin ń fò, obìnrin ń sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọdún bá dé ní Dàfálì, kò sẹ́ni tó tún ń lé ọmọdé sẹ́yìn: àgbà á dúró nísàlẹ̀, ọmọdé á wà lókè.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.