Ìkòkò Méjìlá Àjàgbé

Ìkòkò méjìlá ni bàbá Àjàgbé fi sílẹ̀ nígbà tó papò dà. Orí igi ni wọ́n so wọ́n mọ́ yí oko ká, oyin sì ń kùn nínú wọn láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Oyin yìí ni wọ́n fi ń jẹun nílé náà, òun ni wọ́n fi ń gbéyàwó, òun ni wọ́n fi ń sìnkú. Àjàgbé ni àkọ́bí, nítorí náà òun ló jogún gbogbo ìkòkò. Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ti ń gbé ìtùfù tẹ̀lé bàbá wọn láti kékeré, ṣùgbọ́n kò jogún nǹkan kan àfi ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Àjàgbé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, torí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀sín. Ó da eérú yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká kí ìjàlọ má baà gùn ún, ó sì kó ẹ̀gún síbẹ̀ nítorí olè. Ohun tó bá ti òde wá nìkan ni kò mọ bí a ṣe ń gbàgbé.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà dákẹ́. Àwẹ̀ró gbé imú sí ẹnu rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò yìí ń rùn. Àwọn ọmọ oyin ti kú sínú afárá. Ẹ jẹ́ ká sun ún."

"Ká sun ogún bàbá wa? Ṣé orí rẹ pé?"

"Bàbá wa fúnra wọn sun méjì lójú mi."

"Mi ò sí níbẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Àṣà kan wà ládùúgbò wọn. Bí àwọn oyin bá kó kúrò nínú ìkòkò, wọn kì í jẹ́ kí ohun tó kù níbẹ̀ ṣòfò. Wọ́n á fún omi oyin inú afárá, wọ́n á gbé e fún ìkòkò tí kò lókun, wọ́n á sì fi ìda rẹ̀ ra inú ìkòkò mìíràn kí oyin lè fẹ́ràn ibẹ̀. Àṣà tó dára ni, bó bá jẹ́ pé ńṣe ni oyin kó lọ. Ti Àjàgbé kò kó lọ, ó kú sílé ni. Síbẹ̀ ó fi oúnjẹ òkú bọ́ ààyè. Kí oṣù kejì tó parí, ìkòkò mẹ́ta mìíràn ti dákẹ́. Ó tún fún tiwọn, ó tún gbé e fún àwọn tó kù.

Nígbà tó ku mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Láògún, bàbá arúgbó kan tó ń sin oyin lódìkejì odò. Ìkòkò mẹ́fà ni Láògún ní, kò sì sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn.

"Kí ló dé tí tirẹ̀ ò kú?" ni Àjàgbé ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé.

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú ìkòkò kí ẹ tó máa wo ojú èèyàn." Etí ikún ni Àjàgbé kọ sí i.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìkòkò kejìlá dákẹ́, lọ́sàn-án gangan, Àjàgbé sọdá odò, ó fi ọ̀pá gígùn ti gbogbo ìkòkò Láògún ṣubú, ó sì bẹ́ sómi kí oyin má baà ta á. Láògún gbọ́ ìró náà nínú ahéré rẹ̀, ó sáré jáde láti wá dóòlà ohun tó bá ṣeé dóòlà. Inú ń bí àwọn oyin, wọn kò dá ẹni tó ń sìn wọ́n mọ̀. Wọ́n bò ó. Ó ti kú kí oòrùn tó wọ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ kò sì tọ́ sí i rárá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sin òkú náà, Baálẹ̀ pe Àjàgbé. Àjàgbé gbé ìkòkò tó kú gbẹ̀yìn wá síwájú ìlú.

"Baálẹ̀, ẹ wò ó fúnra yín. Láògún ló fi májèlé pa wọ́n. Ohun tó gbìn ló ká."

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. Ó fọ́ ìkòkò náà mọ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì lé àwọn èèyàn sẹ́yìn. Ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ ojú afárá kan tí ìda dé pa, ó sì rọra fà á jáde. Ohun kan tó pọ́n rúsúrúsú fà tẹ̀lé e bí ọbẹ̀ ilá, kò já.

"Bó bá jẹ́ májèlé, àwọn oyin àgbà tó ń jáde ni ì bá pa," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọmọ inú afárá ni èyí pa. Àrùn ni. Inú ìkòkò àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló wá gbé e dé àwọn yòókù?" ni Baálẹ̀ béèrè.

Àwẹ̀ró kò fẹ́ sọ ọ́. Omi lé sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọwọ́ ara wọn bọ́ wọn."

Àjàgbé yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ṣé a ò lè rí oyin mìíràn fi bẹ̀rẹ̀?"

"Ti Láògún nìkan ló kù tí kò lárùn, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti tú lọ."

Baálẹ̀ ní Àjàgbé ni yóò gbẹ́ sàréè Láògún. Ó gbẹ́ ẹ, òun nìkan. Àwọn tó dúró nítòsí gbọ́ ohun tó ń tún sọ sínú ihò náà: "Ẹnu ọ̀nà ni mò ń ṣọ́. Ikú ti wà nílé." Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìlú yẹn ti ń fi í kọ́ àwọn ọmọ wọn lọ́gbọ́n pé, bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.