Ewé Tí Ìjàpá Ń Fi Imú Wá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi rọra rìn, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹni tó bá ti rí i nínú koríko rí, tó ń fi imú kan ewé, á mọ ibi tí mo ń lọ.

Nígbà kan, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ṣoṣo ló wà nínú igbó. Erin ni olórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, Erin á fi aṣọ dì í lójú, á rún ewé, á gbé e sí i nímú.

"Ewé wo nìyí? Àrùn wo ló ń wò?"

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á wọlé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á padà sílé.

Lọ́dún kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló yege. Ẹkún sọ nílé Ewúrẹ́, ó sọ nílé Ẹlẹ́dẹ̀. Ìjàpá náà fìdí rẹmi: ó pe efinrin ní ewúro. Ṣùgbọ́n òun kò sunkún. Ó kó òbí àwọn tó fìdí rẹmi sẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ Erin.

"Baba, ṣé gbogbo wa la ya òpè ni, àbí ìdánwò yín ló le jù?"

"Ìjàpá, ẹ kò kọ́ṣẹ́ ewé. Ohun tó ṣe yín nìyẹn."

"Ẹ ṣáà tú aṣọ ojú wa."

Erin tú u. Wọ́n tún fìdí rẹmi.

"Ẹ má bi wá ní àrùn tí ewé ń wò mọ́."

Erin gbà. Wọ́n tún fìdí rẹmi. Erin mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Kí wá ni kí n bi yín?"

"Ẹ na ewé sókè, baba. Ẹ bi wá pé, ewé ni àbí òkúta?"

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹranko yege. "Ewé ni! Ewé ni!" Àwọn òbí ru iṣu wá fún Ìjàpá. Gbogbo wọn dé fìlà oníṣègùn. Erin ju aṣọ ìdánwò sílẹ̀, ó wọ igbó lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà di ẹrù rẹ̀, ó gba igbó mìíràn lọ.

Yánníbo wo ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ìwọ tó pe efinrin ní ewúro?"

"Dákẹ́, ìyàwó oníṣègùn."

Nígbà òjò, ibà dá Yánníbo wó.

"Ewé kan wà lẹ́yìnkùlé," ló wí. "Òun ni ìyá mi máa ń sè fún mi. Ó ń ta sánsán. Ibà yìí ò jẹ́ kí n rántí orúkọ rẹ̀."

Ìjàpá gbé omi kaná. Ó jáde sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ewé ló ń ta sánsán. Ó já ẹ̀kúnwọ́, ó sáré lọ bá Ewúrẹ́.

"Gbà mí, oníṣègùn ẹgbẹ́ mi! Kí nìwọ̀nyí?"

Ewúrẹ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó wò wọ́n títí.

"Ewé ni."

Ìjàpá sáré dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀.

"Ewé ni," Ẹlẹ́dẹ̀ wí. "Ó dá mi lójú gan-an."

Nígbà tí Ìjàpá padà délé, iná ti kú lábẹ́ ìkòkò. Yánníbo ti dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá kò ti sáré mọ́. Ó ń ti ewé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fi imú kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín, á fa orí wọlé, kí ẹ má baà bi í pé ewé wo nìyẹn. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹyọ kan péré ló ń wá.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá parọ́, ẹ má dá mi lóhùn mọ́. Bí n kò bá parọ́, ẹ tún dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kí n lè lọ sùn.

Ààlọ̀.