Àwọ̀n Ẹ̀fọn Inú Báàgì

Kí la ti mọ̀ nípa òwe tó ní, ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò? Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹlẹ́tàn nìkan ló ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká tún un wò.

Ṣọlápé, nọ́ọ̀sì kan láti Abẹ́òkúta, fi àkókò ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, ó ré ẹnubodè kọjá lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ibà ti ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ó pín àwọ̀n ẹ̀fọn kárí ilé, ṣùgbọ́n ńṣe làwọn ìyá ká a pa mọ́. Nígbà tí ibà tún dá Rìsì, ọmọdébìnrin kékeré kan ní abúlé náà, dùbúlẹ̀, Ṣọlápé fún un lóògùn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Rìsì wá dúpẹ́ ní yàrá tí nọ́ọ̀sì wọ̀ sí. Ó wo orí bẹ́ẹ̀dì.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àwọ̀n tiyín dà?”

Ṣọlápé wolẹ̀. “Ó wà nínú báàgì. Ooru rẹ̀ ni mi ò lè fara dà.”

“Ṣé ooru ọ̀hún mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé ni?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ti Ṣọlápé. “Ẹ jàre mi, Ìyá Rìsì. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tó ní afẹ́fẹ́.”

Wọ́n so àwọ̀n wọn mọ́ ẹ̀ka máńgòrò níta, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì àti Rìsì ń sùn. Kò pẹ́ táwọn ìyá yòókù fi ń du ẹ̀ka mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìwọ náà, kí o tó gba ẹnì kan níyànjú lọ́la, kọ́kọ́ ṣe ohun náà nílé tìrẹ lónìí.