Ìdí Tí Eṣinṣin Fi Ń Fọwọ́ Ra Ọwọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó ń lé Eṣinṣin. Àga ni wọ́n máa ń gbé fún un. Òun ni ìránṣẹ́ Erin, ọba ìlú. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, Eṣinṣin ni yóò lọ kí i lórúkọ ọba. Bí ẹnìkan bá bímọ, òun náà ni. Tó bá kí wọn tán, yóò padà sí ààfin, yóò sì máa bá ọba jẹun nínú àwo kan náà bó ti ń jíṣẹ́.

Lọ́dún kan, àrùn onígbáméjì wọ ìlú. Àwọn ẹranko ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ bí omi, wọ́n ń ṣubú. Òòrẹ̀, nọ́ọ̀sì wọn, kó gbogbo aláìsàn sí ilé kan lẹ́yìn ìlú. Ó gbé ìkòkò omi àti ọṣẹ dúdú sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹni tó bá ń wọlé, kó fọwọ́. Ẹni tó bá ń jáde, kó fọwọ́. Mi ò bèèrè ọmọ ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́."

Ìnàkí ráhùn, ó fọwọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá fọwọ́. Ó ku Eṣinṣin.

"Èmi?" ni Eṣinṣin wí. "Ìwọ Òòrẹ̀, ọwọ́ tó ń bá ọba jẹun lo ń pè ní ọwọ́ ìdọ̀tí?"

"Mi ò pè é ní nǹkan kan. Omi nìyẹn."

"O mà láyà o!"

Ó fò lọ sí ààfin, ó lọ ń sunkún fún ọba. Ẹ mọ ohun tí ọba ṣe? Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọba pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú máa fọwọ́, àfi Eṣinṣin!

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ẹtu bí àkọ́bí rẹ̀. Nítorí àrùn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá tó bí i lọ́mọ, ẹnu ọ̀nà ló ti kí i. Ṣùgbọ́n ta ló tó lé ìránṣẹ́ ọba? Eṣinṣin ti ilé àwọn aláìsàn dé, ó bà lé ọmọ náà létè, ó ní, "Kábíyèsí ní kí n kí yín kú ewu ọmọ."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ bí omi.

Ẹtu sáré gbé e tọ Òòrẹ̀ lọ. Ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Òòrẹ̀ po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí wọ́n ti sè, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Ó bèèrè pé, "Ta ló wọlé tọ̀ yín?"

"Eṣinṣin nìkan ni, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Òòrẹ̀ bi àwọn aláìsàn tuntun yòókù. Eṣinṣin ni gbogbo wọn ń dárúkọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Òòrẹ̀ fi osùn pa etí igbá tí àwọn aláìsàn ń bì sí. Eṣinṣin dé, ó bà lé etí igbá náà bó ti máa ń ṣe, ó kí wọn, ó lọ. Òòrẹ̀ àti Ẹtu tẹ̀ lé e dé ààfin. Wọ́n bá ọba nídìí oúnjẹ. Ojú ẹsẹ̀ pupa wẹ́wẹ́ ti kún orí ẹ̀kọ ọba. Ó wà lára ọwọ́jà ọba náà.

"Kábíyèsí," ni Òòrẹ̀ wí, "osùn yẹn, etí igbá èébì ni mo fi pa láàárọ̀ yìí."

Ọba pọ oúnjẹ jáde lẹ́nu. "Eṣinṣin! O fẹ́ pa mí ni?"

Ẹtu kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Kábíyèsí, láti àná lọmọ mi ti ń kú lọ lórí ẹní, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ó dìgbà tó kan ọwọ́jà yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ìdọ̀tí ni? Ẹ̀yin náà lẹ fún un láṣẹ!"

Ojú ti ọba. Ó dìde, ó ní kí Eṣinṣin máa bọ̀, ó rìn dé ìdí ìkòkò omi Òòrẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Èrò wọ́ tẹ̀ lé wọn, ọba sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́jà rẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

Ó ní, "Eṣinṣin, ó kàn ọ́."

Eṣinṣin wo omi. Ó wo èrò. Kí òun fọwọ́, kí wọ́n wá máa sọ pé lóòótọ́ lòun dọ̀tí? Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó fọwọ́ ra ọwọ́ kíákíá.

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Omi dà?" ni Ẹtu bèèrè.

"Mo ní mo ti fọ̀ ọ́!"

"Jáde!" Ẹtu fa ewé yọ, ó fẹ́ fi lù ú. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń ju ọwọ́, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n lé e jáde nílùú.

Ọmọ Ẹtu yè. Ọjọ́ kẹrin ló tó lè gba ọmú. Ṣùgbọ́n àwọn méje tó ti kú ní gbogbo ìgbà tí àṣẹ ọba fi wà, wọn kò padà wá.

Láti ọjọ́ náà ni Eṣinṣin ti ń fọwọ́ ra ọwọ́ níbikíbi tó bá bà lé, kó lè dà bí ẹni tó ti fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà náà ni gbogbo ẹ̀dá ti ń ju ọwọ́ àti ìrù lé e. Bó bá bà lé abọ́ yín, ẹ má bèèrè ẹni tó rán an. Ẹ lé e.