Àgúnmu Ọkàn Bàbá Fọlárìn

Wọ́n ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹ wo Bàbá Fọlárìn. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ ba ọkàn ẹ̀ jẹ́, kó dín iyọ̀ kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́. Ìyàwó ẹ̀ se tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn, Bàbá tì í kúrò: "Ṣé ewúrẹ́ ni mí?" Ó lọ ra àgúnmu ọkàn olówó gọbọi lọ́wọ́ alágùúnmu kan ní gáréèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alágùúnmu náà kanlẹ̀kùn: "Ìyá, mo tún wá ra tẹ̀tẹ̀. Mo ti gún tọjọ́sí tà tán."

Bàbá jáde, ike àgúnmu lọ́wọ́.

"Háà, oníbàárà mi! Ilé yín rèé?"

Ìyàwó wo ike náà. "Bàbá Fọlárìn, ṣé ohun tẹ́ ẹ kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ lọ ń fowó rà?"

Bàbá bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó lóṣòó sáàárín ẹ̀fọ́, ó ń bá wọn já a, kí wọ́n má baà rí ojú ẹ̀.