Ìlú Tó Bọ́ Akínlàjà

Ìka kan kì í kan ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́.
Ìka márùn-ún ló pàdé, ló di ẹ̀ṣẹ́.
A díá fún Akínlàjà, ọmọ Ìdókúta,
níjọ́ tó ń lọ jà ní pápá Àpéjọ,
tó ń fi omijé wá ire kiri.
Wọ́n ní ẹbọ ń bẹ nílẹ̀,
ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò lè gbé e.

Àwọn kan ní abẹ́ Odù Ìwòrì ni ìtàn yìí wà. Àwọn mìíràn ní abẹ́ Ọ̀bàrà ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọmọ Ìdókúta ni mí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́, bí mo bá sì yangàn níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Orí òkúta ni wọ́n tẹ Ìdókúta dó sí. Iṣu tó bá ta níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè pé ó ta rárá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa la òkúta, kí wọ́n máa gbẹ́ ọlọ. Kò sí ilé ìdáná kan ní ìlú mẹ́rìndínlógún tó wà ní agbègbè wọn tí wọn kì í ti í lọ ata lórí ọlọ wọn. Síbẹ̀, bí a bá ń pe àwọn ìlú olówó, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Ìdókúta.

Akínlàjà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń la òkúta. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò bá a mu, nítorí kò la ìjà kan rí láyé rẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n máa ń là. Apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yá, ẹ̀rù kò sì bà á. Ẹnìkan ṣoṣo tó bẹ̀rù ni Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń mọ ìkòkò, tó sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún a máa pàdé ní pápá Àpéjọ fún ìdíje ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n á fi ẹfun fa ìlà roboto sílẹ̀. Àwọn méjì tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, tí à ń pè ní abẹ̀ṣẹ́, á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á ti fi aṣọ òwú wé ọwọ́. Ẹni tó bá ṣubú, tí wọ́n ka oókan dé ẹẹ́rìndínlógún tí kò dìde, òun ni wọ́n borí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ṣẹ́ kankan tó jáde, Ìyá Ẹlẹ́fun, arúgbó tó ń ṣọ́ pápá náà, á fi ẹfun sí àtẹ́lẹwọ́ abẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ta ló bọ́ ọ?"

Kì í béèrè ẹni tó bí i. Èsì tí abẹ̀ṣẹ́ bá fọ̀ ni akéde máa ké bó bá borí, odidi rẹ̀, láìyọ nǹkan kan kúrò. Ẹnikẹ́ni kì í sì í purọ́ tí ẹfun bá ti wà lọ́wọ́.

Ọdún méjì ni Akínlàjà ti lọ. Ọdún méjèèjì ló dáhùn pé, "Èmi ni mo bọ́ ara mi." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọdún méjèèjì ni Ṣówándé, abẹ̀ṣẹ́ Odò-Ọlà, nà án ṣubú ní abala kẹfà ìjà náà.

Ẹ má rò pé Ṣówándé lágbára jù ú lọ. Odò-Ọlà wà létí omi, ọkọ̀ ọjà gbogbo ibẹ̀ ló ń gúnlẹ̀ sí, owó sì wà. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn abẹ̀ṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń sè fún wọn wà níbẹ̀, ẹni tó ń to eegun wà níbẹ̀, ọkùnrin méjìlá ló sì ń bá Ṣówándé ja ìjà ìdánrawò látọdún dé ọdún. Akínlàjà ní tirẹ̀, òkúta ló ń là títí di ọjọ́ mẹ́ta sí ìjà. Òun ló ń ru iṣu ara rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ méjì dé pápá.

Ohun tó tún burú jù ni àṣà wa kan, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí abẹ̀ṣẹ́ bá máa gbéra, ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà ní Ìdókúta ló ń se àsè ìdágbére fún un. Kò sí ilé tó gbà kí ilé kejì ṣe jù ú lọ. Iyán ilé yìí, ẹran ilé tọ̀hún, ẹmu, ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ ni abẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́ wò, kí inú má baà bí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí kò rí ẹja jẹ fún oṣù mẹ́jọ la wá bọ́ yó bámúbámú nígbà tó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́. A sì ń pè é ní ìfẹ́.

Lẹ́yìn ìjà ọdún kejì, ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lájorín wá láti Odò-Ọlà. Ó bọ̀wọ̀ fún Akínlàjà, ó jókòó sórí òkúta bíi tirẹ̀.

"Máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," ló wí. "Yàrá rẹ ti wà nílẹ̀. Ẹja ń bẹ, ẹran ń bẹ. Ṣówándé fẹ́ fẹ̀yìn tì. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, wàá borí. Ìyá Ẹlẹ́fun á bi ọ́ léèrè ẹni tó bọ́ ọ, o ò sì ní parọ́."

Akínlàjà kò sùn dáadáa mọ́ látọjọ́ náà. Ìṣẹ́gun tó ń wá láti kékeré ti wà ní àrọ́wọ́tó, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú mìíràn ni wọn yóò ké lé e lórí. Àwẹ̀ró ní, "Kí o tó dá a lóhùn, jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Ifá."

Wọ́n bi Ifá. Ifá ní òun rí ire fún Akínlàjà. Ẹyẹlé méjì, epo àti obì ni kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rú, kí wọ́n má sì gbàgbé ìpín Èṣù. Wọ́n rú u lọ́jọ́ náà. Ifá tún ní ẹbọ kejì ń bẹ, èyí tó tóbi jù, ìlú ló sì ni í. Kí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó àsè ìdágbére tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ kan, kí wọ́n pín in káàkiri ọdún.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Ọba kò tíì sọ nǹkan tí Olóyè Agbáàkin fi fèsì.

"Odò-Ọlà lówó. Àwa, òkúta la ní. Ṣé ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó báyìí la ó máa bu oúnjẹ fún bí ọmọ ọwọ́? Bó bá lè jà, kó lọ jà."

Àwọn olóyè yòókù gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò rú ẹbọ náà. Akínlàjà kò bá wọn jiyàn. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Odò-Ọlà lọ.

Àwẹ̀ró kò tẹ̀ lé e. Inú bí i ju kó sunkún lọ. Ó padà wọ ààfin, ó kúnlẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Mo fẹ́ bi àwọn bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí ni ilé kálukú sè fún àbúrò mi lọ́jọ́ ìdágbére tó kọjá?"

Ẹ mọ àwọn àgbà wa. Inú wọn dùn sí ìbéèrè náà. Agbáàkin ló kọ́kọ́ lanu.

"Ilé mi pa òbúkọ. Iyán tí a gún, ènìyàn mẹ́rin ló gbé ọpọ́n rẹ̀."

"Òbúkọ?" ni ẹnìkejì rẹ̀ wí. "Àgbò ni tiwa."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, tí ẹnìkan ń bo ẹnìkan mọ́lẹ̀, títí ó fi kan ilé kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọba ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn létí ẹnikẹ́ni.

"A ò tòṣì," ni ọba wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún la kàn ń lówó."

Agbáàkin wo ilẹ̀. Ọba ní, "Àwẹ̀ró, dìde. Lọ pe àbúrò rẹ padà. Sọ fún un pé àsè ìdágbére ti tán ní Ìdókúta, àti pé ilé mi ni yóò ti jẹun àkọ́kọ́."

Àwẹ̀ró bá a létí odò, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ó jíṣẹ́ ọba fún un. Akínlàjà gbé ẹrù rẹ̀ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá tún yí ohùn padà ńkọ́?"

"N ó fọ́ gbogbo ìkòkò tí mo mọ fún wọn."

Ọdún náà ni Ìdókúta rú ẹbọ. Oúnjẹ ń jáde láti ilé dé ilé, ọjọ́ kan kò yẹ̀. Àwọn ọdẹ ń bá Akínlàjà sáré gun òkè láàárọ̀. Bàbá kan tó ń to eegun ń fi òrí ra á lára. Agbẹ́lọ mẹ́sàn-án ń bá a ja ìjà ìdánrawò. Eyín ọ̀kan yọ, ó sì ń fi ihò eyín náà han àlejò bí ẹni gba oyè. Kò rọrùn o. Àwọn kan kùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan ní ẹ̀wà àwọn ti fẹ́ tán. Síbẹ̀ wọ́n bù ú.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn pé, kò sí àsè. Ó ni ìlú lára gan-an. Agbáàkin tìkára rẹ̀ fi iyán pamọ́ sábẹ́ agbádá, ó gbé e wá. Àwẹ̀ró gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jókòó, ó jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ló ru ẹrù Akínlàjà lọ, Agbáàkin sì tẹ̀ lé wọn.

Ní pápá Àpéjọ, Ṣówándé ló wà nínú ìlà. Kò tíì fẹ̀yìn tì. Ìyá Ẹlẹ́fun bi í léèrè ẹni tó bọ́ ọ. Ó ní, "Odò-Ọlà." Òtítọ́ ló sọ. Ìyá Ẹlẹ́fun yí sí Akínlàjà, ó fi ẹfun sí i lọ́wọ́.

"Ta ló bọ́ ọ?"

Àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín ti ń múra. Akínlàjà ní, "Ilé ọba bọ́ mi ní iṣu. Ilé Agbáàkin bọ́ mi ní ẹran. Ilé Alágbẹ̀dẹ bọ́ mi ní ẹ̀wà." Ó ka ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tán, kò fo ìkankan. Ó ní, "Ìdókúta ló bọ́ mi."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìjà náà le. Ṣówándé mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀ṣẹ́ dá ọgbẹ́ sí Akínlàjà lójú ní abala kejì. Wọ́n dé abala kẹfà, níbi tí èémí Akínlàjà ti máa ń tán. Ṣówándé ń dúró de ìgbà tí apá rẹ̀ yóò wálẹ̀. Apá náà kò wálẹ̀. Wọ́n dé abala keje. Ní abala kẹjọ, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Akínlàjà bà á lágbọ̀n, Ṣówándé sì jókòó sórí ilẹ̀. Wọ́n kà á dé ẹẹ́rìndínlógún. Akínlàjà ló fà á dìde.

Akéde wá bọ́ sí àárín. Òfin ni pé kó ké èsì náà lódidi. Ó ké ilé ọba, ó ké ilé Agbáàkin, ó ké ilé Alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó fi máa dé ilé kẹwàá, ohùn rẹ̀ ti há, wọ́n sì ní láti fún un lómi. Agbáàkin, tó ti gbọ́ orúkọ ilé rẹ̀ létí ìlú mẹ́rìndínlógún, ń sunkún bí ọmọdé, kò sì nu ojú. Ẹ ò rí i pé odidi ìlú la ké lọ́jọ́ náà.

Odò-Ọlà kò jí ìṣẹ́gun ẹnikẹ́ni rí. Àwọn náà ti ń rúbọ tipẹ́. Wọn ò kàn pè é lẹ́bọ ni. Owó ń mú ẹbọ yá, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ẹbọ. Akínlàjà gbọ́ rírú, ó rú. Ìdókúta kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́n, wọ́n rú tiwọn.

Ó dé ilé, ó ń yin àwọn awo rẹ̀,
àwọn awo ń yin Ifá.
Ó ní, ìka kan kì í kan ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́,
ìka márùn-ún ló pàdé, ló di ẹ̀ṣẹ́.
Ẹ̀yin ìlú tó bí akọni,
ẹ má dúró dọjọ́ ìdágbére kí ẹ tó bọ́ ọ.
Ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ká ìka wọn kò,
ọwọ́ kan ṣoṣo ni ayé rí.